Ohun tó yẹ kí olùkọ́ adelé bá lórí tábìlì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkígbà tí kíláàsì bá dàrú lọ́jọ́ tí tíṣà wọn ò wá, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́: "Adelé tí wọ́n rán wá ò kápá àwọn ọmọ." Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ń sọ ọ́, àwọn òbí ń sọ ọ́, àwọn ọmọ pàápàá ti mọ̀ ọ́n sọ. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ náà fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń ba ọjọ́ adelé jẹ́ ti ṣẹlẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà. Orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí tíṣà tí kò wá bá fi ètò tó yéni sílẹ̀, ẹni tí kò rí kíláàsì náà rí lè mú un dé òpin ọjọ́. Bí tábìlì bá ṣófo, tíṣà tó ti fi ogún ọdún kọ́ni á làágùn.

Ilé-ìwé àárín là ń sọ o, ti àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì kan ṣoṣo ni adelé sábà máa ń bá lò láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Kó tó di ìsinmi àkọ́kọ́, ó ti ń dá ojú wọn mọ̀. Ní ilé-ìwé àárín, agogo á lù, àwọn kan á jáde, àwọn mìíràn á wọlé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 tàbí 50 agogo á tún lù. Ká ní kíláàsì 5 ni, kí ọmọ 28 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ 140 nìyẹn, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn láàárọ̀, tó sì ṣeé ṣe kó má rí wọn mọ́ lọ́la. Àwọn ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ológìnní kúrò nílé, ilé di ilé èkúté.

Ọjọ́ orí yẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọmọ ọdún 13 kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń fi ojú lásán dá lẹ́kun, kò sì tíì di àgbà tó mọ ibi tí òun ń lọ. Ojú ẹgbẹ́ ló ń wò. Bí ẹ bá bá a wí lójú gbogbo kíláàsì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wò ó ló ń dá lóhùn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ara rẹ̀ náà ń yí padà. Nígbà ìbàlágà, aago oorun tó wà nínú ara máa ń sún síwájú, oorun ò ní tètè kùn wọ́n lálẹ́, wọn ò sì ní tètè jí dáadáa láàárọ̀. Ìdí nìyí tí kíláàsì àkọ́kọ́ fi máa ń dákẹ́. Adelé tó bá rò pé ìgbọràn ni, tó wá tú okùn sílẹ̀, á rí i lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán pé oorun lásán ni.

Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa gbọ́dọ̀ dé ilé-ìwé ó kéré tán ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú agogo àkọ́kọ́. Ní ọ́fíìsì, á gba kọ́kọ́rọ́, rẹ́jísítà, àti àkókò agogo ti ọjọ́ náà gan-an, torí pé ọjọ́ tí ìpàdé gbogbo ilé-ìwé bá wà, wọ́n lè gé kíláàsì kọ̀ọ̀kan kúrú, ètò tí a gbé ka ìṣẹ́jú 45 á sì di ti 30. Á béèrè ọmọ tó ní ikọ́ fée, èyí tí oúnjẹ kan lè ṣe ní jàǹbá, èyí tó ní wárápá, àti ibi tí oògùn wọn wà. Á béèrè bóyá tíṣà tó ń dúró fún ní iṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹnu ọ̀nà tàbí ibi ìjẹun lọ́jọ́ náà. Á béèrè ibi tí kíláàsì náà ń sá lọ tí agogo iná bá dún. Lẹ́yìn náà, kó lọ kí tíṣà tó wà ní yàrá tó kángun sí tirẹ̀. Ìkíni yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, òun ló sì ń gbani sílẹ̀ jù tí wàhálà bá dé.

Nínú yàrá, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú pátákó, kó kọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ máa kọ́kọ́ ṣe sí abẹ́ rẹ̀, kó ka àga, kó sì gbìyànjú ẹ̀rọ tó bá máa lò. Ibi ẹ̀rọ yìí ló ti ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Tíṣà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Ẹ fi fídíò hàn wọ́n, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀," ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí adelé ò ní. Ọmọ 28 jókòó, wọ́n ń wo ojú ẹ̀rọ tó dúdú, ìṣẹ́jú 10 ti lọ. Ètò tó bá gbára lé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní èyí tó wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tí agogo bá lù, ẹnu ọ̀nà ni adelé gbọ́dọ̀ dúró sí, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó inú yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó kí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, kó máa tọ́ka sí pátákó. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ ló ń sọ bí ìyókù ṣe máa rí. Ẹni tó bá jókòó sí ìdí tábìlì tó ń wá rẹ́jísítà nígbà tí àwọn ọmọ ń wọlé ti fi yàrá náà fún wọn, gbígbà á padà sì le.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ pípè, tó ní ẹ̀tàn nínú. Àwọn ọmọ á pààrọ̀ ìjókòó, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ, ẹnì kan á dáhùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìta. Ẹ má sì fi bébà ránṣẹ́ yíká kí wọ́n fọwọ́ sí i, orúkọ àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù lẹ ó bá níbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́ ojú pátákó, kí adelé máa rìn láti ìlà dé ìlà pẹ̀lú rẹ́jísítà lọ́wọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ ara rẹ̀ ní ohùn kékeré, kí adelé sì wo orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ìyẹn tún gba ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ṣòro pè lọ́wọ́ ẹ̀rín gbogbo kíláàsì. Tó bá parí, kó ka orí. Bí àmì bá jẹ́ 27 tí orí sì jẹ́ 26, ẹnì kan ti dáhùn fún ẹlòmíràn, ó sì gbọ́dọ̀ wá a rí. Tí iná bá ṣẹ́ yọ, ìwé yẹn ni wọ́n máa fi mọ ẹni tó kù sínú ilé.

Wàyí o, iṣẹ́ tí tíṣà fi sílẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé jù. Tíṣà á kọ ọ́ pé "Ojú ìwé 42, ìbéèrè 1 sí 10," ó sì dá a lójú pé ìyẹn tó fún gbogbo àkókò náà. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ òun ló ń kọ́ wọn: á ṣàlàyé, á béèrè, á tún un ṣàlàyé, á máàkì. Lọ́jọ́ adelé, àlàyé yẹn ò sí. Àwọn tó yára á parí ní ìṣẹ́jú 12, àwọn tí kò yé á dúró sí ìbéèrè kìíní, kò sì ní pẹ́ tí ọwọ́ àwọn méjèèjì á fi dilẹ̀. Ọwọ́ tó dilẹ̀ yẹn ni ariwo tí ọ̀gá gbọ́ láti ọ́fíìsì.

Ẹ̀kọ́ tuntun kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ fún adelé. Ẹni tó ń kọ́ ìtàn lè wá bá ara rẹ̀ nínú kíláàsì ìṣirò, tó bá sì kọ́ wọn lódì, ọjọ́ méjì ni tíṣà máa fi tú u. Ohun tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe ìdánrawò. Kí iṣẹ́ gan-an wà, kí ti ẹni tó bá tètè parí wà, kí ẹ̀dà bébà fi 3 lé sí iye ọmọ, kí ìdáhùn sì wà nínú fáìlì kí adelé lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí tíṣà kọ ọ́ gbangba pé a ó gba iṣẹ́ náà kí wọ́n tó jáde. Iṣẹ́ tí wọn ò ní gbà, ọmọ ọdún 13 kì í ṣe é.

Adelé náà gbọ́dọ̀ gbé àpò tirẹ̀ dání, torí ọjọ́ tí kò ní bá nǹkan kan. Bírò 10, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé àwọn ò ní; bébà 40; aago ọwọ́; àti iṣẹ́ tí kò nílò ẹ̀dà kankan. Èyí kan wà tí kì í jáni kulẹ̀: ẹ kọ 1, 2, 3 àti 4 sójú pátákó. Kí wọ́n lo nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín, láti rí 1, lẹ́yìn náà 2, títí dé 10. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe. Fún 7, ẹ sọ 3 di púpọ̀ ní ọ̀nà 4, ẹ pín in sí 2, ẹ fi 1 kún un. Ọmọ ọdún 11 á rí 10 lójú ẹsẹ̀, èyí tó mọ ìṣirò jù á sì gbìyànjú láti kọjá 10. Ó ń gba ìṣẹ́jú 20 dáadáa.

Ní ti ariwo, ẹ má kígbe. Ohùn adelé ló ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún yàrá: tó bá pariwo, àwọn ọmọ á gbé tiwọn ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá sì di kíláàsì kẹrin, ohùn rẹ̀ ti há. Kó dúró sójú kan níwájú, kó dákẹ́, kó máa wo aago. Bí ọmọ kan bá ń da yàrá rú, kó rìn lọ síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó sọ ọ́ ní ohùn tí ẹni kejì ò ní gbọ́, kó sì kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kíkúrò yẹn ṣe pàtàkì, ó ń jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i pé ó gbà. Àwọn àgbà ló ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Jacob Kounin, ará Amẹ́ríkà tó gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1970, rí i pé bí tíṣà ṣe ń báni wí kọ́ ló ya kíláàsì tó tòrò sọ́tọ̀ sí èyí tó dàrú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ojú tíṣà wà níbi gbogbo, kí iṣẹ́ sì máa lọ láìdúró.

Tí adelé bá béèrè ìbéèrè, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3 gbáko kó tó pe ẹnikẹ́ni. Mary Budd Rowe ṣe ìwádìí lórí èyí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 ni ọ̀pọ̀ tíṣà ń dúró, àti pé tó bá di 3, ìdáhùn àwọn ọmọ ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì ń dá sí i. Fún àlejò, ìdádúró yẹn ń ṣeni bí ọdún kan. Ẹ fara dà á.

"Tíṣà wa máa ń jẹ́ ká lo fóònù." "Tíṣà wa máa ń jẹ́ ká jókòó síbi tó wù wá." Gbólóhùn wọ̀nyí ò ní tán títí di alẹ́. Kò sí ìdí fún àríyànjiyàn. "Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lónìí, ohun tó wà nínú ìwé yìí la ó tẹ̀ lé." Ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ wà lóòótọ́! Bí tíṣà ò bá kọ òfin kíláàsì sílẹ̀, kò sí ohun tí adelé máa tọ́ka sí. Kó má fi ohun tí kò ní agbára rẹ̀ halẹ̀ mọ́ wọn, bíi pé á lé wọn kúrò nílé-ìwé. Wọ́n mọ̀ pé kò lè ṣe é. Kó má fi ìyà ẹni 3 jẹ gbogbo 28. Àwọn 25 tó ń ṣe dáadáa náà á bá wọn lọ.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí orúkọ, àkókò tó jáde àti èyí tó padà wà lórí bébà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ìṣẹ́jú 7 bá kọjá tí ọmọ ò padà, kí adelé pe ọ́fíìsì, kó má fi kíláàsì sílẹ̀ lọ wá a. Kí ó má ṣe sọ pé "Kò sẹ́ni tó ń lọ" o. Àwọn ọmọ kan ní àìsàn tí adelé ò mọ̀, àwọn ọmọbìnrin kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ẹ má béèrè ìdí lójú àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí adelé gbọ́dọ̀ kọ̀, kódà bó bá wà nínú ètò. Kò gbọ́dọ̀ tan iná tàbí ṣí kẹ́míkà nínú yàrá sáyẹ́ǹsì bí kì í bá ṣe onímọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n yí i padà sí iṣẹ́ orí bébà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n gun ohun èlò eré ìdárayá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dè é. Ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà, kó ka sáàsì kó tó pín in: 28 jáde, 28 padà, kí ilẹ̀kùn má ṣí kó tó pé. Tí ìjà bá bẹ́, kó má ki ara rẹ̀ bọ àárín. Kó rán ọmọ méjì sí tíṣà ẹ̀gbẹ́, kó pe ọ́fíìsì, kó sì lé àwọn òǹwòran sẹ́yìn, torí àwọn tó ń wò ló ń jẹ́ kí ìjà gbóná. Kó má sì dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ààbò ọmọ ni, ààbò tirẹ̀ náà ni.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì kan ṣoṣo ò mọ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà ni adelé á kọ́ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kíláàsì àkọ́kọ́ ló máa rí àṣìṣe jù, nítorí náà kó kọ iye ìṣẹ́jú tí ohun kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, kó tún ètò ṣe kí èkejì tó wọlé. Tó bá fi máa di ẹ̀kẹrin, á ti máa rò pé òun ti sọ ohun tí kò tíì sọ, àfi kó ní bébà kékeré tó ń fàmì sí. Àwọn ọmọ náà sì ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó bá gbà láyè ní kíláàsì àkọ́kọ́, ìròyìn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ kíláàsì kẹta kí wọ́n tó jókòó.

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 5, kó gba iṣẹ́, kó kà á, kí wọ́n ṣa bébà nílẹ̀, kí wọ́n ti àga wọlé, kí wọ́n jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn kíláàsì tó kẹ́yìn, kó kọ ìròyìn: àwọn tí kò wá, ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tó kù, àwọn ọmọ tó ṣèrànwọ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdajì ojú ìwé tó fún kíláàsì kan. "Kíláàsì yìí ò dára" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ní 11:20, ọmọ méjì ń ju bébà, mo yí ìjókòó ọ̀kan padà, wọ́n parí ìbéèrè 6" ni tíṣà lè fi ṣiṣẹ́.

Olóòtú, ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ò ná wọn ní nǹkan ńlá. Kí fáìlì kan wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pupa kó lè tètè hàn. Kí rẹ́jísítà wà nínú rẹ̀, àti àwòrán ìjókòó tó ní fọ́tò ọmọ kọ̀ọ̀kan, àkókò agogo, òfin kíláàsì, orúkọ ọmọ méjì tó ṣeé gbára lé nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, orúkọ olùrànlọ́wọ́ tó ń jókòó ti ọmọ tó bá nílò rẹ̀, ọ̀nà sá àsálà, àti iṣẹ́ ọjọ́ méjì tó lè dúró títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ ìlera kò yẹ kó wà ní gbangba. Kí adelé gbà á ní ọ́fíìsì láàárọ̀, kó sì dá a padà nírọ̀lẹ́. Kí ẹnì kan máa yẹ fáìlì wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, torí àwòrán ìjókòó tó ti pẹ́ burú ju kí ó má sí lọ: á jẹ́ kí adelé fi orúkọ ẹlòmíràn bá ọmọ wí.

Lọ́wọ́ tíṣà tó padà dé, ohun kan ṣoṣo ni à ń fẹ́. Kó ka ìròyìn adelé sí etí kíláàsì lọ́jọ́ tó bá wọlé, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ fún rere, kó sì máàkì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Bí àwọn ọmọ bá rí i tó ju bébà náà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, adelé tó ń bọ̀ ló máa san gbèsè rẹ̀.

Àwa ni tiyín,

Àwọn olùkọ́ adelé